Orí Kẹjọ: Owó Ìfẹ̀yìntì Ológun àti Ìkọ̀sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà

1. Ohun tí orí yìí dá lé lórí

Nígbà tí ìgbéyàwó bá tú ká, ilé, ọkọ̀ àti owó báńkì ni ojú àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìdílé ológun ní Amẹ́ríkà, ilé kọ́ ni dúkìá tó tóbi jù. Iṣẹ́ ológun ń gbé wọn kiri, àwọn mìíràn kì í sì í ra ilé rárá títí iṣẹ́ yóò fi parí. Dúkìá tó jù lọ ni owó tí ìjọba yóò máa san fún ológun náà lóṣooṣù láti ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tó wọṣẹ́ ní ọmọ ọdún 18 lè fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 38, kí ó sì máa gba owó yìí fún 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló wá ni owó náà nígbà tí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀? Èrò tí a ó gbè lẹ́yìn nínú orí yìí ni pé owó ọ̀yà àwọn ọdún ìgbéyàwó ni, ọjọ́ sísan rẹ̀ nìkan ni wọ́n sún síwájú. Nítorí náà, iye ọdún tí ìgbéyàwó àti iṣẹ́ ológun fi jọ rìn ni ó yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n pípín rẹ̀. A ó sì rí i pé òfin Amẹ́ríkà gba ìlànà yìí wọlé, àmọ́ ó fi ihò mẹ́ta sílẹ̀ tí ìpín ẹnì kejì lè gbà jò dànù: ìṣirò ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, owó ìfarapa, àti ikú.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ohun tó kan ọmọ Yorùbá nínú òfin ìdílé ológun Amẹ́ríkà. Láti ìparí ọdún 2008 títí di 2016, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI. Ètò náà gba àwọn àjèjì tó gbọ́ àwọn èdè tí ìjọba nílò wọṣẹ́, ó sì tètè ṣí ọ̀nà ìwé ọmọ ìlú fún wọn. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí wọlé ní 2009, tí kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò pé 20 ọdún ní 2029. Ọ̀rọ̀ inú orí yìí ti wọ ilé àwọn ìbátan wa lókè òkun nìyẹn, yálà ẹni tó wọ aṣọ ológun ni tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ilé dè é.

2. Owó iṣẹ́ ni, àbí owó oore?

Ìpìlẹ̀ àríyànjiyàn náà wà nínú irú owó tí owó ìfẹ̀yìntì jẹ́. Bí ó bá jẹ́ oore tí ìjọba ṣe fún ẹni tó sìn ín, ó ṣòro kí ẹlòmíràn tó na ọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ owó iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró, a jẹ́ pé ó bá owó oṣù tí tọkọtaya jọ ń ná dọ́gba. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń dáhùn. Lábẹ́ ìlànà tó wà fún àwọn tó wọṣẹ́ lẹ́yìn September 1980, wọ́n á wá ìpíndọ́gba owó oṣù 36 tó ga jù lọ tí ológun gbà, wọ́n á sì fún un ní ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún (2.5%) rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò. Ẹni tó lo 20 ọdún yóò gba 50%, ẹni tó lo 30 ọdún yóò gba 75%. Fún àwọn tó wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2018, 2% ni fún ọdún kan, tí ó túmọ̀ sí 40% lẹ́yìn 20 ọdún. Ìjọba wá ń fi owó kún àkáǹtì ìfowópamọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní TSP, ohun tí ìjọba ń fi sí i sì lè tó 5% owó oṣù. Nínú ìlànà méjèèjì, kò sí ọdún iṣẹ́ kan tí kò ní owó tirẹ̀ nínú àròpọ̀ náà. Oore kì í ní irú ìṣirò ọdọọdún bẹ́ẹ̀, ọ̀yà ni ó ní in.

Àwọn kan takò èyí pé ológun tó fẹ̀yìn tì kò tíì bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ pátápátá. Ìjọba lè pè é padà, òfin ológun sì ṣì lè mú un. Wọ́n ní owó tó ń gbà jẹ́ owó iṣẹ́ tó ṣì ń ṣe, pé ẹni tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kò sì ní ìpín nínú iṣẹ́ tó wáyé lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀. Èrò yìí lọ́jọ́ lórí, nítorí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ohun tó jọ ọ́ láti 1881 nínú ẹjọ́ Tyler. Ṣùgbọ́n ní 1992, nínú ẹjọ́ Barker àti ìpínlẹ̀ Kansas, ilé ẹjọ́ kan náà kò tẹ̀lé e mọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Kansas ń gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, kò sì gba á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà. Àwọn adájọ́ ní kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó iṣẹ́ tó ti kọjá tí wọ́n sún síwájú ni owó àwọn méjèèjì. Ojú lásán náà fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìpè padà ṣọ̀wọ́n, ẹni tí wọ́n bá sì pè padà ń gba owó oṣù tuntun fún iṣẹ́ tuntun. Iye tí ẹni tó jókòó sílé ń gbà kò dá lórí ohun tó ń ṣe lónìí bí kò ṣe lórí iye ọdún tó ti sìn.

Bí a bá ti gbà pé ọ̀yà ni, ìbéèrè tó kù ni ipa tí ẹnì kejì kó nínú rẹ̀. Ìdílé ológun kì í pẹ́ lójú kan. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́rin, ìwé ìpàṣẹ á dé, wọ́n á sì kó lọ sí ibùdó mìíràn. Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan lè ní láti ṣe ètò tuntun ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó ń gun àkàbà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń ṣe láàárín àwọn ọkọ àti aya ológun ti fi hàn léraléra pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè kó owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ jọ. Ó dà bí obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ gbin kòkó, tó bá a roko láti ọdún kìíní, tí wọ́n wá ní kó máa lọ nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó. Pé ọkọ ni yóò ká èso kòkó náà kò sọ pé òun nìkan ló dá oko.

Ọ̀nà tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà máa ń gbà wo irú ọ̀rọ̀ báyìí yàtọ̀. Òfin Ìgbéyàwó ti 1970, tó wà fún ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, fún adájọ́ lágbára ní apá 72 láti pín dúkìá bó ṣe tọ́, ṣùgbọ́n kò la ìlànà kankan sílẹ̀ fún ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì. Adájọ́ sì máa ń fẹ́ rí ẹ̀rí ohun tí ẹni tó ń béèrè dá sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu ní 1992, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà kò gba ọ̀rọ̀ ìyàwó kan tó ní òun lọ́wọ́ nínú ilé tí ọkọ òun kọ́, nítorí kò fi ẹ̀rí kíkún gbe ohun tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí a bá gbé irú òṣùwọ̀n yẹn wá sórí owó ìfẹ̀yìntì, kò ní sí ẹni tó lè mú rìsíìtì wá fún ọmọ tó tọ́ tàbí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kíka ọdún fi sàn ju kíka rìsíìtì lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ tí ológun wọṣẹ́ wà nínú ìwé, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn wọn.

3. Láti ẹjọ́ McCarty sí òfin 1982

Kí ó tó di 1981, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe bó ṣe wù ú. Ní California, níbi tí òfin ti ka ohun tí tọkọtaya kó jọ sí ti àwọn méjèèjì bákan náà, ilé ẹjọ́ ti sọ ní 1976 nínú ẹjọ́ Brown pé owó ìfẹ̀yìntì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé pàápàá jẹ́ ohun ìní tí a lè pín. Ọ̀gágun kan tó jẹ́ dókítà, McCarty, kọ̀ láti gbà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington. Ní ọjọ́ 26 oṣù June 1981, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án dá a láre. Wọ́n ní òfin ìjọba àpapọ̀ ṣètò owó náà fún ológun fúnra rẹ̀, kí ó lè máa wu àwọn èèyàn láti wọṣẹ́ kí wọ́n sì dúró, àti pé òfin ìpínlẹ̀ kò lè da ètò yẹn rú. Adájọ́ Blackmun tó kọ ìdájọ́ náà kò fi pa mọ́ pé ìyà lè jẹ ẹni tí ológun kọ̀ sílẹ̀, àmọ́ ó ní ọwọ́ ilé aṣòfin ni àtúnṣe wà.

Ilé aṣòfin gbọ́. Aṣòfin Patricia Schroeder láti Colorado wà lára àwọn tó jà fún un jù, òfin tuntun sì jáde ní ọjọ́ 8 oṣù September 1982. USFSPA ni wọ́n ń pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù February 1983. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wo ohun tí òfin yìí ṣe àti ohun tí kò ṣe. Kò pàṣẹ pé kí wọ́n pín owó ìfẹ̀yìntì, kò sì sọ pé ìdajì ni ti ẹnì kejì. Ó kàn dá agbára tí ẹjọ́ McCarty gbà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ padà fún wọn ni, ó sì la ààlà yí i ká. Ààlà kìíní wà lórí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tí ológun náà fi ṣe ilé, tàbí ibi tó ń gbé láìjẹ́ pé iṣẹ́ ológun ló gbé e lọ síbẹ̀, tàbí ibi tó ti gbà kí wọ́n dá ẹjọ́ òun. Ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n gbé lọ sí San Diego, tí ilé rẹ̀ sì jẹ́ Florida, lè kọ̀ pé ilé ẹjọ́ California kò lè fọwọ́ kan owó òun. Ààlà kejì ni pé iye tí DFAS, ọ́fíìsì tó ń san owó àwọn ológun, lè yọ fún ẹnì kejì gẹ́gẹ́ bí ìpín ohun ìní kò lè ju 50% lọ. Bí wọ́n bá fi owó ìtọ́jú ọmọ tàbí ti ẹnì kejì kún un, gbogbo rẹ̀ kò lè ju 65% lọ.

Ààlà kẹta ni èyí tí àwọn èèyàn ń ṣì gbọ́ jù. Òfin ní DFAS kò ní san ìpín ohun ìní tààrà fún ẹnì kejì àfi bí ìgbéyàwó náà bá tó 10 ọdún, tí ọdún iṣẹ́ ológun tó bọ́ sínú rẹ̀ náà sì tó 10. Ọ̀pọ̀ ti ka èyí sí pé ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò pé 10 ọdún kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìsanwó nìkan ni ìlànà yìí kàn. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́jọ ṣì lè gba ìpín tirẹ̀ nínú ìdájọ́, kìkì pé ọwọ́ ológun náà ni yóò ti máa gbà á lóṣooṣù. Ẹ̀tọ́ tó ní 20 ọdún nínú tún yàtọ̀: bí ìgbéyàwó bá pé 20 ọdún, tí iṣẹ́ pé 20 ọdún, tí àwọn méjèèjì sì jọ rìn fún 20 ọdún, ẹnì kejì lè máa gba ìtọ́jú ìlera ológun, kó sì máa rajà ní ṣọ́ọ̀bù ibùdó. Ìyẹn kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú pípín owó.

4. Bí ìṣirò ṣe ń lọ, àti ihò àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ológun kan gbéyàwó lẹ́yìn ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, ìgbéyàwó náà sì tú ká nígbà tó pé ọdún 16 lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 12 ni ìgbéyàwó àti iṣẹ́ fi jọ rìn. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn 20 ọdún, ìpíndọ́gba owó oṣù 36 tó ga jù sì jẹ́ dọ́là 5,000, èyí tó sọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ di dọ́là 2,500 lóṣù. Lábẹ́ ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé ọdún 12 sórí 20, wọ́n á sì pín in sí méjì. Ìpín ẹnì kejì jẹ́ 30%, ìyẹn dọ́là 750. Ìṣirò yìí kò ṣòro: ọdún kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì rẹ̀, ẹnì kejì sì gba ìdajì àwọn ọdún tó wà níbẹ̀ nìkan. Ọdún mẹ́rin tó ṣáájú àti mẹ́rin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ológun nìkan.

Ní ọjọ́ 23 oṣù December 2016, ìjọba àpapọ̀ yí i padà fún ẹni tí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ bá ṣáájú ìfẹ̀yìntì. Láti ìgbà náà, ipò àti ọdún iṣẹ́ ológun ní ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, pẹ̀lú àfikún tó ń bá ọ̀wọ́n gógó ọjà lọ. Bí ìpíndọ́gba owó ológun inú àpẹẹrẹ wa bá jẹ́ dọ́là 4,000 ní ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ọdún 16 á fún un ní 40%, ìyẹn dọ́là 1,600. Orí èyí ni wọ́n á ti pín. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ìgbéga tó dé lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń di kọ́nẹ́ẹ̀lì láìkọ́kọ́ jẹ́ mejọ̀, àwọn ọdún ìgbéyàwó ló sì gbé e débẹ̀. A lè gba ìlànà yìí bí wọ́n bá ṣe é délẹ̀. Bí a bá ti dá owó dúró sí ọdún 16, ó yẹ kí a gbé ọdún 12 sórí 16: 37.5% nínú dọ́là 1,600 jẹ́ dọ́là 600. Ṣùgbọ́n bí ìdájọ́ bá dá owó dúró sí ọdún 16, tó sì tún gbé ọdún 12 sórí 20, ẹnì kejì yóò gba 30% nínú dọ́là 1,600, ìyẹn dọ́là 480 péré. Wọ́n ti gé ìpín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọdún mẹ́rin kan náà. Ihò àkọ́kọ́ nìyí. Agbẹjọ́rò tí kò bá mọ ìṣirò lè wà nílé ẹjọ́ kí ó sì jẹ́ kó kọjá lọ láìfura.

5. Owó ìfarapa

Ihò kejì ló jinlẹ̀ jù, nítorí ẹ̀tọ́ méjì tó dúró ṣinṣin ló kọlu ara wọn níbẹ̀. Ológun tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ lè gba owó ìfarapa lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àwọn ológun àtijọ́. Kí ó tó gbà á, ó gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda iye kan náà nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Owó ìfarapa kò ní owó orí nínú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń yọ̀ǹda. Ohun tó bá yọ̀ǹda kúrò nínú ohun tí òfin 1982 ní a lè pín. Nínú ẹjọ́ Mansell ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò lè pín iye tí ológun ti yọ̀ǹda. Ní 2017, nínú ẹjọ́ Howell, wọ́n lọ jìnnà sí i. Tọkọtaya náà kọ ara wọn ní 1991, ọkọ fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ní 1992, ìyàwó sì ń gba ìdajì. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ka ìfarapa ọkọ sí 20%. Ó yọ̀ǹda nǹkan bíi dọ́là 250 lóṣù, ìpín ìyàwó sì fi nǹkan bíi dọ́là 125 dínkù. Àwọn ilé ẹjọ́ Arizona ní kí ọkọ dí àlàfo náà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀, ó ní bí wọ́n tiẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà, owó tí òfin ní kí wọ́n má pín náà ni wọ́n ń pín.

Àwọn tó gbè fún ìdájọ́ yìí ní ara ológun kì í ṣe ohun ìní ìgbéyàwó. Ẹsẹ̀ tó gé tàbí etí tó di, òun nìkan ni yóò máa bá a gbé. Òtítọ́ ni, a kò sì takò ó. Owó tí wọ́n san nítorí ara kò yẹ ní pípín gẹ́gẹ́ bí dúkìá. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Howell, ohun tí ìyàwó ń béèrè ni owó ìfẹ̀yìntì tí ilé ẹjọ́ ti fún un láti 1991. Ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ẹni méjì ló sì san án. Kò sí àdéhùn mìíràn nínú òfin ìdílé tí a ń gbà kí ẹnì kan dá yí padà báyìí lẹ́yìn ìdájọ́. Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 1987, nínú ẹjọ́ Rose, pé a lè fi owó ìfarapa tọ́jú ọmọ ológun náà, nítorí ti òun àti ìdílé rẹ̀ ni. Adájọ́ Breyer, tó kọ ìdájọ́ Howell, náà gbà pé adájọ́ ìdílé lè rò ó mọ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìyọ̀ǹda lè ṣẹlẹ̀, tàbí kó tún owó ìtọ́jú ẹnì kejì ṣírò. Ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú kì í ṣe ẹ̀tọ́ bí ìpín dúkìá: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ó ń dópin bí ẹni náà bá tún ìgbéyàwó ṣe, ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àwọn mìíràn kò sì ní ètò fún un rárá.

Àtúnṣe tó bá òótọ́ mu ti wà nínú òfin tẹ́lẹ̀. Láti 2004, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìfẹ̀yìntì padà díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó sìn fún 20 ọdún tí ìfarapa rẹ̀ sì tó 50%, ètò náà sì pé pátápátá ní 2014. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń gba owó méjèèjì lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ìpín ẹnì kejì kì í sì í dínkù, àfi bí ológun bá yan owó ìfarapa ojú ogun dípò rẹ̀. Ohun àjèjì tó tìdí èyí yọ ni pé ẹni tí wọ́n bá ka ìfarapa ọkọ rẹ̀ sí 40% ń pàdánù, ẹni tí wọ́n ka ti ọkọ rẹ̀ sí 50% kò pàdánù. Kò sí ìlànà òdodo kankan tó gbé ìyàtọ̀ yìí dúró. Ìnáwó ìjọba ló fà á. Bí ilé aṣòfin bá fẹ ètò náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó farapa, ológun yóò gba owó ara rẹ̀ pé, ẹnì kejì yóò sì gba owó ọdún rẹ̀ pé.

6. Àwọn àtakò tó kù

Àtakò tó lágbára jù lọ́kàn àwọn ológun ni ti ewu. Wọ́n ní ẹni tó lọ sí Iraq tàbí Afghanistan ló fi ẹ̀mí wéwu, ẹni tó wà nílé kò gbọ́ ìró ìbọn. A kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo èyí. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì kì í wo ewu. Ẹni tó lo 20 ọdún nínú ọ́fíìsì àti ẹni tó lò ó lójú ogun ń gba iye kan náà bí ipò àti ọdún wọn bá dọ́gba. Ewu ní owó tirẹ̀ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, yálà àfikún owó oṣù ibi ogun tàbí owó ìfarapa. Bí ewu kò bá sí nínú ìṣirò tí ìjọba fi ń san án, kò lè jẹ́ ìdí tí a kò fi ní pín in.

Àwọn mìíràn ní ẹni tó tún ìgbéyàwó ṣe kò yẹ kó máa gba owó ọkọ àkọ́kọ́ lọ. Èyí da owó ìtọ́jú pọ̀ mọ́ ìpín dúkìá. Owó ìtọ́jú wà nítorí àìní, ó sì lè dópin bí àìní bá tán. Ìpín dúkìá wà nítorí ohun tí a ti ṣe. Kò sí ẹni tó ń gba ìpín ilé lọ́wọ́ obìnrin nítorí pé ó lọ́kọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń bẹ̀rù ẹni tó gbéyàwó nítorí owó kò ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: ìgbéyàwó ọdún méjì nínú iṣẹ́ 20 ọdún kò lè fún ẹnikẹ́ni ju 5% lọ. Òṣùwọ̀n ọdún fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ẹnubodè. Kò sì wo akọ tàbí abo, nítorí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ológun ní ẹ̀tọ́ kan náà.

7. Ikú, ihò kẹta

Ìpín tí ilé ẹjọ́ fún ẹnì kejì so mọ́ ẹ̀mí ológun. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ó tán. Òfin sì sọ kedere pé ilé ẹjọ́ kò lè pàṣẹ fún ológun kó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ohun tó lè dí ihò yìí ni ètò SBP, tó ń san 55% iye tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó gbẹ̀yìn olóògbé, pẹ̀lú owó ìdá 6.5% tí wọ́n ń yọ nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ológun ní ọdún kan péré lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ láti yan ẹni tó kọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ìdájọ́ bá pa á láṣẹ tí kò sì ṣe é, ẹnì kejì lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí DFAS láàárín ọdún kan sí ọjọ́ ìdájọ́ náà. Ẹni tí ọdún yẹn bá kọjá lórí rẹ̀ láìkọ̀wé lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sì tún ìgbéyàwó ṣe kó tó pé ọmọ ọdún 55, ètò náà yóò dáwọ́ dúró fún un.

Àwọn kan ní kò sí ọ̀nà mìíràn, pé owó tó so mọ́ ẹ̀mí ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a kú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọ̀nà wà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù December 2000, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ lè gé owó ìfẹ̀yìntì sí méjì, títí kan ti ológun, kí ìpín ẹnì kejì di ti ara rẹ̀, ní orúkọ rẹ̀. Ikú ológun kò pa á. Ọmọ Yorùbá tí ọkọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ológun ní Ìlú Ọba kò nílò láti máa gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ẹni tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí àtijẹ, èyí tó wà ní Amẹ́ríkà sì nílò rẹ̀.

8. Ìdájọ́

Òfin 1982 tọ́ ní ìpìlẹ̀, nítorí ó gbà pé owó ìfẹ̀yìntì ológun jẹ́ èrè ọdún, àti pé ẹni méjì lè jọ ni ọdún kan. Ibi tó kù sí ni pé kò jẹ́ kí ìpín náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìṣirò tó gé ọdún lẹ́ẹ̀mejì, ìwé ìyọ̀ǹda tí ẹnì kan dá fọwọ́ sí, àti ọdún kan péré tí wọ́n fi lè kọ̀wé SBP ń sọ ẹ̀tọ́ di oríire. Ọwọ́ ilé aṣòfin ni àtúnṣe wà, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ McCarty ti sọ. Kí ó tó dé, ẹni tó bá ń kọ ìgbéyàwó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ìdájọ́ rẹ̀ dárúkọ ìdá tó máa gbà, ọdún tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, owó TSP lọ́tọ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìyọ̀ǹda bá wáyé, àti SBP. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìdájọ́ náà, DFAS kò ní san án.

Ìbéèrè fún àyẹ̀wò

1. Ṣàlàyé ìdí tí ẹjọ́ Barker ti 1992 fi ṣe pàtàkì fún èrò pé ọ̀yà ni owó ìfẹ̀yìntì ológun.

2. Ológun kan lo 24 ọdún, ó sì gbéyàwó fún ọdún 9 nínú rẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ wáyé lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 3,200 lóṣù. Ṣírò ìpín ẹnì kejì. Ǹjẹ́ DFAS lè san án tààrà fún un? Kí nìdí?

3. Fi ẹjọ́ Rose àti ẹjọ́ Howell wé ara wọn. Ṣé wọ́n takora?

4. Kọ àròkọ tó gbè fún ìlànà 2016 tàbí tó takò ó, kí o sì dáhùn ó kéré tán àtakò méjì.